Ìbọwọ́lùwé Tí Màmá Gbà Padà

Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín níbi ìsìnkú Màmá, ẹnì kan kọ ọ́ sí ojú ewé kejì pé, "Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀." Mo kà á lórí ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún un kà, ara mi sì gbóná dé etí. Màmá tí mo mọ̀ máa ń jà. Ó bá oníbúrẹ́dì jà, ó bá àlùfáà méjì jà, ó bá èmi náà jà láìmọye ìgbà. Ìjà tó sì jà kẹ́yìn, èyí tó gbé e dé kóòtù tòun tọ̀pá lọ́wọ́, àwọn tó bá jà á gan-an ló kọ "jẹ́jẹ́" yẹn síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Inú ń bí mi, mi ò sì ní dúró dìgbà tó bá rọ̀.

Ìyá ìyá mi ni. Màmá Japara ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ń pè é, torí Japara ló kọ́lé sí nígbà tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ló ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn àwọn tó máa ń yẹ ìwé owó wò láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ẹgbẹ́ akọrin, àti fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn nítorí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà kó tó kú. Okùn bàtà ló fi so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Pẹ́ńsù ìkọ̀wé pupa kan kì í kúrò nínú irun rẹ̀. Bí o bá bá a ra nǹkan bọ̀ láti ọjà, á béèrè iye tó o rà á, kì í sì í ṣe torí kó lè dá owó rẹ padà. Ó fẹ́ gbọ́ bóyá ohùn rẹ máa yí padà.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ olùkọ́ nípa ìṣirò owó sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n wá ẹni tó máa ṣe onígbọ̀wọ́ mi. Mo yà ní Japara, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ níta tòun ti àwọn tá a jọ wọ̀ ọ́ wá, mo ní kí Màmá kàn bá mi fọwọ́ sí i. Ó ní kí n jókòó. Ó gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù náà láti orí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ọkọ̀ fun fèrè, wọ́n tún un fun. Mo ní, "Màmá, èmi ọmọ yín ni mo ni ín o, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i." Kò gbójú sókè. Ọkọ̀ náà lọ, ó fi mí sílẹ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo tún bẹ̀ ẹ́, ló bá dá mi lóhùn pé, "Mi ò tíì dé ojú ewé kẹta."

Bó ṣe máa ń ṣe sí ìwé nìyẹn. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní apá Ogun Waterside, ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wọ̀ lọ sí Òde-Omi láti lọ yẹ risíìtì owó ọjà wò. Kúlà tí àwọn èèyàn ń gbé ẹja sí ló máa ń kó ìwé sí, kí omi má bàa kàn án. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀, ọkọ̀ náà fì, Màmá sì ṣubú sómi tó dé àyà rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta fò wọnú omi láti gbé e. Kò fún wọn lọ́wọ́. Ó gbé kúlà náà ga sókè orí, ó ń ṣẹ́jú omi kúrò lójú, ó ní, "Ẹ gba ìwé ná."

Nínú gbogbo ohun tó máa ń béèrè nígbà tó bá ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni kì í gba gbẹ̀rẹ́ rárá. Bí ẹ bá ní ẹ wà ní kóòtù, á béèrè ìwé ìpẹ̀jọ́. Á béèrè risíìtì owó lọ́yà, á sì wò ó bóyá ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ bá ọjọ́ tí kóòtù jókòó mu. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ á kọ lẹ́tà sí lọ́yà pé kó sọ iye ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, ibi tí wọ́n bá a dé, àti ohun tí ẹgbẹ́ máa san bí wọ́n bá jẹ̀bi. Èsì lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ alága kọjá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé tààrà. Bí ẹ bá sì ní ẹ ò ní ẹjọ́ kankan, á ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, òun á ṣì kọ̀wé sí lọ́yà náà síbẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní nǹkan yìí báyìí, wọ́n sì ń kà á bí ìgbà téèyàn ń ka kátíkísìmù. Mo bi Màmá léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹjọ́ tí wọ́n ní kò sí. Ó ní, "Ẹni tó wà ní òdìkejì ẹjọ́ yẹn ńkọ́? Inú ìwé ta ni orúkọ rẹ̀ máa wà?"

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Obìnrin tó ní òfin yìí, ó rú u lẹ́ẹ̀kan.

Alága ẹgbẹ́ àwọn tíṣà náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà èwe. Wọ́n jọ kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jọ jókòó ti ara wọn níbi ìsìnkú bàbá mi àgbà. "Sísì" ni ọkùnrin náà máa ń pe Màmá, kò sì sí ẹlòmíì tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ara Màmá kò le, orúnkún ń dùn ún. Alága gbé ìwé ọdún náà wá bá a nílé. Màmá béèrè bóyá ẹgbẹ́ ní ẹjọ́ ní kóòtù. Alága bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Sísì, àwa tíṣà? Kí la máa wá dé kóòtù?" Ó fọwọ́ sí ìwé pé kò sí ẹjọ́. Màmá rí i pé owó tí wọ́n kọ sí abẹ́ "ìtọ́jú àlejò" pọ̀ ju ti gbogbo ọdún lọ. Ó béèrè irú àlejò tó jẹun tó bẹ́ẹ̀. Alága ní àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwọn láti ìlú mìíràn ló wá kí wọn, pé wọ́n pọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ẹran. Màmá rẹ́rìn-ín. Kò kọ̀wé sí lọ́yà. Ó fọwọ́ sí i, ó sì ní, "Àlejò yín yìí jẹun o."

Ó pẹ́ kó tó dẹ́kun àtisọ gbólóhùn yẹn. Á máa ro ọbẹ̀, á dá dúró, á ní, "Àlejò yín yìí jẹun o," ojú rẹ̀ á sì le bí ẹni tó gé ara rẹ̀ lọ́bẹ.

Torí kò sí àlejò kankan. Ẹjọ́ wà. Obìnrin kan láti Òde-Omi, Ìyá Ṣẹ́gun, ló pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ náà ni ọkọ rẹ̀, gbogbo owó tí ọkùnrin náà sì fi pamọ́ fún ọdún gbọọrọ wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó kú, obìnrin náà wá gba owó, wọ́n ní kò sí nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnì kan tó yá owó sá lọ, pé àwọn ti fi owó rẹ̀ dí gbèsè náà. Ó ní kí wọ́n fi ìwé tí ọkọ òun fọwọ́ sí han òun. Wọn ò rí ìwé kankan fi hàn. Ló bá gba kóòtù lọ.

Kì í ṣe pé àwọn ìgbìmọ̀ ń jí owó lọ́yà gbé o. Ì bá sàn díẹ̀ ká ní olè ni wọ́n, mi ò ní bínú tó báyìí. Lọ́yà ni wọ́n san owó náà fún lóòótọ́. Ojú ló ń tì wọ́n. Àwọn tíṣà, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń wọ fìlà dúdú lọ sí ìpàdé, wọn ò fẹ́ kí akọ̀wé dìde níwájú ẹgbẹ́ kó kà á sókè pé àwọn ń bá opó ẹnìkejì wọn ṣẹjọ́. Wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n máa kọ owó lọ́yà sí abẹ́ "ìtọ́jú àlejò", torí ìyẹn kò burú létí. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n pè é. Gbogbo ìgbà tí lọ́yà wọn bá dìde láti sọ pé opó yẹn ń purọ́, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń san owó rẹ̀, láìmọ̀, pẹ̀lú Màmá mi.

Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún Ìyá Ṣẹ́gun lọ́jọ́ tó wá sí Japara. Ọ̀sán Sátidé ni. Òógùn ti bò ó, ó di àpò ráfíà kan mọ́ra. Kò jókòó. Ó yọ ìwé kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹ̀wẹn lẹ kọ ọ́?" Bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń pe "ẹ̀yin" nìyẹn.

Ìwé owó ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn ni, èdìdì kóòtù sì wà lára rẹ̀. Lọ́yà ẹgbẹ́ ló fi ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́. Ó ní kí adájọ́ wò ó, pé ẹgbẹ́ yìí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, pé ọ́dítọ̀ wọn, obìnrin tí gbogbo ìlú mọ̀ sí olóòótọ́, ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti fọwọ́ sí i.

Màmá fi ìka tọ orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé náà. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni."

Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i, kò sí ohun tí mo lè sọ mọ́. Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Mi ò rí omi lójú Màmá mi rí àfi ọjọ́ yẹn. Ó bẹ obìnrin náà kó jókòó, ó fún un lómi, ó ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi pẹ́ńsù pupa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó parí, Màmá dìde, ó tiro lọ síbi tí obìnrin yẹn wà, ó sì kúnlẹ̀. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dùn, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. Ìyá Ṣẹ́gun pariwo, òun náà wólẹ̀, wọ́n jọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Màmá ní, "Mi ò kọ̀wé sí lọ́yà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Mo mọ alága, mi ò sì kọ̀wé."

Mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi náà síbí, torí kò yẹ kí n máa bú àwọn ẹlòmíì nìkan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ti dàgbà, wọ́n tàn yín jẹ ni, ẹ jẹ́ kí lọ́yà rẹ̀ bá a jà á. Ẹ ò lè máa bá ọ̀rẹ́ yín jà lọ́jọ́ alẹ́ yín." Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ àwọn èèyàn yẹn. Méjì nínú wọn ló kọ́ mi ní ilé ìwé. Màmá wò mí láti òkè awò rẹ̀, ó ní, "Ṣé Ìyá Ṣẹ́gun náà á fi í sílẹ̀?" Ojú ṣì ń tì mí títí di òní.

Ìpàdé ọdún wọn bọ́ sí oṣù tó tẹ̀ lé e, ní gbọ̀ngàn wọn ní Òkè-Sopẹn. Mo gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ọ́dítọ̀ wá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Màmá kò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n nà sí i. Ó mú ìwé ọdún tó kọjá dání, ó ní, "Mo fọwọ́ sí ìwé yìí pé òótọ́ ni. Irọ́ ni. Mo gba ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ lónìí, lójú gbogbo yín."

Alága dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Sísì, ẹ jókòó ná. A máa sọ ọ́ nínú ilé."

"Inú ilé lẹ ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀," ni Màmá wí. Ó wá ka owó "ìtọ́jú àlejò" náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ọjọ́ tí wọ́n san án, ó sì ń ka ọjọ́ tí kóòtù jókòó tẹ̀ lé e, torí ó ti lọ gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Kò sí èyí tí kò bára mu. Nígbà tó dárúkọ opó náà àti ọkọ rẹ̀, àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé kí Màmá má ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́. Ibẹ̀ ni inú ti bí i, bí inú bá sì ti bí i, ọ̀nà Ìjẹ̀bú lẹnu rẹ̀ máa ń gbà. Ó na pẹ́ńsù sí wọn, ó ní, "Ẹ̀wẹn! Ẹ̀wẹn tíṣà! Ẹjọ́ ni, ẹ kọ ọ́ ní ẹjọ́!"

Wọ́n kọ lẹ́tà sí i lọ́sẹ̀ kejì pé àwọn ti yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ nítorí "ìwà tí kò bójú mu". Alága ló fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yẹn kò pè é ní Sísì nínú lẹ́tà náà o, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ló kọ. Màmá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi pẹ́ńsù tún àṣìṣe méjì ṣe nínú rẹ̀, ó sì kó o sínú fáìlì. Láti ọjọ́ náà, tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyàwó ìgbìmọ̀ á wo ibòmíì. Lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń há ara wọn mọ́ tẹ́lẹ̀, ó wá ń dá jókòó. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Ó ní, "Ibí yìí ni ẹsẹ̀ mi mọ̀."

Ó sì lọ jẹ́rìí. Mo wà níbẹ̀. Lọ́yà ẹgbẹ́ nawọ́ ìwé sí i, ó ní, "Màmá, ṣé ọwọ́ yín nìyí àbí kì í ṣe ọwọ́ yín?" Ó rò pé Màmá á jiyàn, kó lè sọ fún adájọ́ pé ọjọ́ orí ti ń dà á láàmú. Màmá ní, "Ọwọ́ mi ni. Mo fọwọ́ sí i láìbéèrè ohun tó yẹ kí n béèrè. Ẹ̀bi mi ni ìyẹn. Owó yín tí wọ́n kọ síbí bí owó oúnjẹ àlejò, ẹ̀bi ta ni ìyẹn?" Adájọ́ dorí kodò, ó ń kọ̀wé. Lọ́yà náà jókòó.

Ẹnu ọjọ́ ìdájọ́ la wà tí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún un sún. Gbogbo àárọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ti dá a. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn kò ní àdúrà nínú, kò sì ní ìdágbére. Ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun ńkọ́?" Mo ní wọn ò tíì dá a. Ó yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó kú ni adájọ́ dá Ìyá Ṣẹ́gun láre. Ó ní kò sí ìwé onígbọ̀wọ́ kankan, kí ẹgbẹ́ san gbogbo owó ọkọ rẹ̀ fún un. Ẹgbẹ́ san án, Ìyá Ṣẹ́gun sì pè mí láti Òde-Omi, ó ń sunkún, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi náà ń sunkún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Bí mo bá rántí iye ìgbà tí wọ́n sún ẹjọ́ yẹn torí alága ní òun ń lọ sí ìpàdé, mo tún máa ń bínú lákọ̀tun.

Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìsìnkú, akápò ẹgbẹ́ wá sí Japara. Ó mú àpòòwé owó dání, ó ní ẹgbẹ́ ní kí òun wá bá wa kẹ́dùn, pé alága sì fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni akápò, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fún mi ní ìwé kékeré kan kí n fọwọ́ sí i pé mo gba owó. Mo gbé awò Màmá sójú. Mo kà á láti orí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ohun tí owó wà fún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Ìtọ́jú àlejò.

Mo ní, "Akápò, kí lẹ kọ síbí?"

Ó wò ó. Ó ní, "Ibi tá a máa ń kọ ọ́ sí náà nìyẹn, Bùkọ́lá. Ẹ má bínú."

Mo na bíró sí i. Mo ní, "Ẹ fa ìlà sí i, sà. Ẹ kọ ọ́ pé owó ìsìnkú Màmá Japara ni, ẹni tí ẹ lé kúrò nínú ẹgbẹ́ torí pé ó jẹ́rìí. Bí alága bá ti fọwọ́ sí i báyẹn, ẹ gbé e padà wá, èmi náà á fọwọ́ sí i."

Ó gba bíró náà. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kó àpòòwé rẹ̀, ó ní ká kú ìtọ́jú, ó sì lọ. Wọn ò padà wá. Alága jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, kò dìde sọ̀rọ̀. "Jẹ́jẹ́" tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí onítẹ̀wé nìkan ni wọ́n rí sọ.

Ìyá Ṣẹ́gun dé nígbà tá à ń ti ibojì bọ̀, ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ. Ó fún mi ní bébà tí ó ya nínú ìwé ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: "Apẹ̀rẹ̀ ẹja kan fún ìsìnkú Màmá. Inú owó ọkọ mi tí Màmá bá mi gbà ni mo ti rà á." Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ tèmi.

Mo mú pẹ́ńsù pupa Màmá, mo fọwọ́ sí i.